Èsì: Orúkọ wo ni kí n fún wẹ́ẹ̀bù aṣọ òkè mi?

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Nínú méjèèjì tó ń dà yín láàmú, asookeabeni.com.ng ni kí ẹ mú. Ẹ fi aso-oke-to-dara-ju-ni-ilesa.com sílẹ̀. Oníbàárà pè láti Èkó, ó ń béèrè orúkọ wẹ́ẹ̀bù yín, ẹ wà nínú ariwo Ẹrẹ́jà ní Iléṣà, ẹ wá ń pariwo "ẹ fi dáàṣì sí i, ẹ tún fi dáàṣì míì", ẹ̀ẹ̀mẹfà! Á ti já fóònù.

Ìyẹn bó bá jẹ́ pé Nàìjíríà níbí lẹ ti ń tà jù o, torí Nàìjíríà ló ni .ng. Bí aṣọ yín bá ń lọ sí London, ẹ ra .com rẹ̀ mọ́ ọn.

Bí orúkọ ìlú bá gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́, àwọn kan ń tẹ Ilesa, àwọn kan Ilesha. Ẹ ní láti ra méjèèjì, kí ọ̀kan máa darí èèyàn sí èkejì. Owó méjì lọ́dọọdún nìyẹn. Èmi ò ní ṣe é.

Èyí tó ká mi lára jù: orúkọ àti ímeèlì tiyín ni kí wọ́n fi ra orúkọ wẹ́ẹ̀bù náà, kì í ṣe ti ọmọ tó ń bá yín ṣe wẹ́ẹ̀bù. Bí ìjà bá dé, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ló ni ín. Ọ̀dọ̀ àwọn tí NiRA, àjọ tó ń bójú tó orúkọ .ng, fọwọ́ sí láti máa ta .ng ni kí ẹ ti rà á.