Wáyà Wo Ni Kí N Rà fún Díìsì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Wáyà díìsì tẹlifíṣọ̀n wa ní Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́, ti gbó. Ọlọ́jà ní kí n ra irú wáyà tí wọ́n ń pè ní RG59 torí kò wọ́n. Ṣé kí n rà á? — Ìyá Ìbejì

Ìdáhùn: Ẹ má rà á, Ìyá Ìbejì. Irú tí wọ́n ń pè ní RG6 ni kí ẹ béèrè. Bàbà àárín rẹ̀ nípọn ju ti RG59 lọ. Kí wọ́n tó gé e, ẹ fi ọ̀bẹ ha bàbà náà díẹ̀. Bí funfun bá yọ lábẹ́ pupa, irin tí wọ́n fi bàbà bò ni. Ìyẹn lè ṣe é bí ọ̀nà ò bá jìn, àmọ́ wáyà yìí kan náà ló ń gbé iná lọ bá orí díìsì (ẹ̀rọ kékeré tó wà níwájú rẹ̀), torí náà bàbà gidi ni mo fara mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n wé ẹnu rẹ̀ dáadáa lókè, kí òjò má wọ̀ ọ́.