Ṣé Èmi Náà Lè Wọ Gbọ̀ngàn Oníwúrà ní Vienna?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùdarí akọrin ni mí ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Ọmọ mi tó ń kàwé ní Vienna, olú ìlú Austria, ní kí n wá kí òun lóṣù Ọ̀wàrà. Orí tẹlifíṣọ̀n ni mo ti máa ń wo eré orin ọjọ́ Ọdún Tuntun láti Gbọ̀ngàn Oníwúrà tó wà nínú ilé orin Musikverein. Ṣé ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ lè wọ ibẹ̀? Kí ni kí n wọ̀? Kí ni mo tún lè rí nítòsí?

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ kú ìmúra ìrìn àjò. Ẹ óò wọlé. Ọ̀pọ̀ àwọn tí à ń tọ́ sọ́nà lẹ́nu iṣẹ́ wa máa ń sanwó kí wọ́n lè wo gbọ̀ngàn náà lọ́sàn-án, kí wọ́n ya fọ́tò, kí wọ́n sì máa lọ. Fún olórin bíi tiyín, mi ò fọwọ́ sí i pé kó parí síbẹ̀. Alẹ́ ni kí ẹ lọ, nígbà tí ọkẹ́sírà, ìyẹn ẹgbẹ́ ńlá àwọn tó ń fi ohun èlò kọrin, bá wà lórí pèpéle.

Gbọ̀ngàn náà dà bí igi ìlù tí wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀: awọ là ń lù, ṣùgbọ́n inú igi ló ń sọ ohùn di ńlá. Theophil Hansen, ọmọ ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì, ló yàwòrán ilé náà, wọ́n sì ṣí i ní ọjọ́ 6 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1870, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi ìṣirò mọ bí ohùn ṣe ń rìn nínú yàrá. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 48.8, fífẹ̀ rẹ̀ 19.1, gíga rẹ̀ 17.75. Nítorí pé kò fẹ̀, ohùn tó bá kan ògiri máa ń tètè padà sí etí, orin á wá yí èèyàn ká. Àwọn ère obìnrin oníwúrà àti ọnà ara àjà ń fọ́n ohùn ká, kó má baà ṣùjọ sójú kan. Àlàfo wà lábẹ́ ilẹ̀ onípákó rẹ̀. Ara igi òrùlé ni wọ́n sì so àjà rọ̀ sí. Bí èrò bá kún inú rẹ̀, ohùn máa ń tó ìṣẹ́jú àáyá méjì kó tó kú tán. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń jà fitafita kí ohùn bẹ́ẹ̀sì, ohùn ìsàlẹ̀, lè dé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì yóò mọ iyì rẹ̀.

Ní ti owó, ìjókòó 1,744 ló wà níbẹ̀, àyè ìdúró sì tó nǹkan bí 300. Tíkẹ́ẹ̀tì ìdúró ni kí ẹ rà, lórí íntánẹ́ẹ̀tì wọn tàbí ní káńtà wọn. Ó rọjú ju ti ìjókòó lọ fíìfíì. Ẹ̀yìn pátápátá ni ẹ óò wà, bí ẹ kò bá sì tètè dé, orí èèyàn lẹ ó máa wò. Etí yín kò ní pàdánù nǹkan kan. Ẹ má fi dandan lé Vienna Philharmonic, ọkẹ́sírà tí ẹ máa ń wò lọ́jọ́ Ọdún Tuntun. Àwọn tó ń sanwó ọdọọdún ló máa ń kó ọ̀pọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì wọn. Ọkẹ́sírà mìíràn, Vienna Symphony, náà ń ṣeré níbẹ̀, ó sì dára púpọ̀. Ti Ọdún Tuntun ńkọ́? Gègé ni wọ́n ń ṣẹ́ kí wọ́n tó mọ ẹni tí yóò rí i rà.

Àwọn ọkùnrin tó dé irun funfun, tí wọ́n múra bíi Mozart, olórin ayé àtijọ́, yóò na tíkẹ́ẹ̀tì sí yín lójú títì. Ẹ ka orúkọ gbọ̀ngàn tó wà lára rẹ̀ kí ẹ tó sanwó, torí eré tí wọ́n ń tà lè jẹ́ ti ibòmíràn.

Aṣọ wa kò ní ìtìjú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n agbádá ń gba àyè, bùbá àti ṣòkòtò tó dáa ló yẹ ibi ìdúró. Kóòtù òtútù àti báàgì ńlá, ẹ óò fi wọ́n sílẹ̀ níbi ìtọ́jú ẹrù kí ẹ tó wọlé. Ohun tó máa ń dójú ti àwọn èèyàn wa jù ni àtẹ́wọ́. Níbi tí a ti ń kígbe fún onílù tí ó bá lù ú dọ́ba, ó máa ń yà wá lẹ́nu pé gbogbo ilé á dákẹ́ rọ́rọ́ nígbà tí apá kìíní orin bá parí. Símfónì, ìyẹn orin gígùn tí ọkẹ́sírà ń kọ, sábà máa ń ní apá mẹ́rin. Ẹ dúró dìgbà tí olùdarí bá sọ ọwọ́ méjèèjì kalẹ̀, tó yíjú sí èrò.

Nítòsí, ẹ lè fẹsẹ̀ rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì Karlskirche àti ọjà Naschmarkt. Ẹ má fi ọjà sí ọjọ́ Àìkú, wọn kì í tà. Bí mo bá jẹ́ yín, tíráàmù 71, ọkọ̀ ojú irin tó ń gba ojú títì, ni màá wọ̀ lọ sí itẹ́ òkú Zentralfriedhof. Ibojì Beethoven, Schubert àti Brahms, àwọn gbajúmọ̀ tó kọ irú orin yìí, wà níbẹ̀ nítòsí ara wọn. Brahms yìí ti darí eré ní Musikverein láti 1872 sí 1875. Ìdajì ọjọ́ tó fún un, ẹ má kánjú. Ẹ rí i pé tíkẹ́ẹ̀tì tíráàmù tó ń ṣiṣẹ́ wà lọ́wọ́ yín kí ẹ tó jókòó, torí àwọn ayẹ̀wò máa ń wọlé láìròtẹ́lẹ̀, owó ìtanràn wọn sì ga.