Fọ́sáìtì Mosin rẹ: má tíì mú òòlù

Okun o, àbúrò mi. Mo ka ohun tí o béèrè. O ní o ra Mosin-Nagant 91/30 kan, ìbọn ogun àtijọ́ tàwọn ará Rọ́ṣíà, níbi tí o wà ní Amẹ́ríkà, pé bí o bá yìn ín ní 100 mítà, sẹ̀ǹtímítà 15 ni ọta fi ń ga ju àmì lọ, ó sì tún ń yà sápá òsì ní sẹ̀ǹtímítà 10. Ẹnì kan wá ní kí o fi òòlù gbá fọ́sáìtì rẹ̀, ìyẹn ṣóńṣó tó wà lẹ́nu ìbọn, kí o sì fi fáìlì rẹ́ orí rẹ̀. Má tíì ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Iṣẹ́ àmọ́rà, ìyẹn títún ìbọn ṣe, ni mo ṣe nínú ṣọ́jà títí mo fi fẹ̀yìn tì, ìbọn FN ló sì pọ̀ jù lọ́wọ́ wa. Lẹ́yìn náà ni mo lọ bá ọmọ mi obìnrin lọ́hùn-ún, mo sì bá bàbá kan tó ń tún ìbọn ogun àtijọ́ ṣe ṣiṣẹ́ kí n tó padà sílé ní Kàbà. Ìdí tábìlì bàbá yẹn ni Mosin, Lee-Enfield àti Mauser ti kọ́ mi lọ́gbọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi wá wàhálà o: òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959 kò gba aráàlú láyè láti ní ìbọn ogun tí ọta rẹ̀ jẹ́ mílímítà 7.62. Ẹni tí òfin ibi tó wà fún láṣẹ ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Ó ṣeé ṣe kí nǹkan kan má ṣe ìbọn yẹn rárá. Nígbà náà, àwọn ará Rọ́ṣíà máa ń fi báyónẹ́ẹ̀tì, ìyẹn irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí wọ́n fi ń gún ọ̀tá, sẹ́nu 91/30 kí wọ́n tó síírò rẹ̀, ìyẹn kí wọ́n tó ṣètò sáìtì kí ọta lè máa kan àmì, torí bẹ́ẹ̀ ni ṣọ́jà wọn ṣe ń gbé e kiri. Irin gígùn ni, ó wúwo, ó sì ń yí bí ọ̀pá ìbọn ṣe ń gbọ̀n padà nígbà tí ọta bá ń jáde. Bí o bá yọ ọ́ kúrò, ọta á wá ibòmíràn gbà. Bí o bá rí báyónẹ́ẹ̀tì tó bá a mu, fi sí i, yìn ín, kí o wo ohun tó máa ṣe. Mo ti rí èyí tó padà sójú àmì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan fọ́sáìtì.

Ti òkè tó ń gbà yẹn náà, má jẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu. Ìbọn ogun kì í ṣe ìbọn ọdẹ. Wọ́n ṣètò rẹ̀ kí ṣọ́jà lè wo àárín ara ọ̀tá kó sì bà á, ì báà jẹ́ nítòsí, ì báà jẹ́ lọ́nà jíjìn. Mauser m/96 tàwọn ará Swídìn, 300 mítà ni nọ́ńbà tó kéré jù lórí báàkì-sáìtì rẹ̀, ìyẹn sáìtì ẹ̀yìn tó wà nítòsí ojú ẹni tó ń yìn ín. Ẹni tó bá fi irú rẹ̀ yin ohun tó wà ní 100, òkè ni yóò gbà dandan.

Kí o tó débi fọ́sáìtì, di ṣúkúrù méjèèjì tó so irin mọ́ igi ìbọn kó le. Wo ẹnu ọ̀pá dáadáa. Bí ó bá ti fín tàbí tó ní ọgbẹ́, kò sí fọ́sáìtì tó lè wò ó sàn. Irú ọta kan náà ni kí o lò. Yìn márùn-ún, jẹ́ kí ọ̀pá tutù, kí o tún yìn márùn-ún. Bí wọn kò bá kó ara wọn jọ sójú kan, kò tíì sí ohun tí o fẹ́ tún ṣe, torí o kò mọ ibi tí ìbọn ń lọ. Kí o sì sọ fọ́sáìtì di dúdú. Èéfín àtùpà oníkẹrosíìnì ni mo máa ń gbé e sí. Bí oòrùn bá tàn sí ẹ̀gbẹ́ irin tó ń dán, ojú á máa fi ibi tó mọ́lẹ̀ ṣe àárín, ìwọ á sì rò pé ìbọn ló ya ọlọ̀tẹ̀.

Ká ní o ti ṣe gbogbo èyí, tó ṣì ń gba òkè àti òsì. Ibi tí ọta yà sí ni kí fọ́sáìtì máa tọ̀ ọ́ lọ: ọta yà sósì, ti fọ́sáìtì sósì, ọta ga jù, gbé fọ́sáìtì ga. Báàkì-sáìtì ló ń ṣe òdìkejì, ibi tí o bá fẹ́ kí ọta lọ ni ìwọ náà á tì í sí. Àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí náà máa ń ṣì í, kí wọ́n wá máa bú ìbọn.

Ìṣirò iye tí wàá tì í kò le. Mú iye tí ọta fi yà, fi gígùn àárín fọ́sáìtì àti báàkì-sáìtì sọ ọ́ di púpọ̀, kí o wá fi jíjìn àmì pín in, mílímítà ni gbogbo rẹ̀. Lórí 91/30, mílímítà 622 ló wà láàárín àwọn sáìtì méjèèjì. Mílímítà 100 lọ́nà 622, pín in sí ọ̀nà 100,000, ó di 0.62. Iṣẹ́ rẹ lápá òsì kò ju ìdajì mílímítà àti díẹ̀ lọ! Mílímítà kan péré ń gbé ọta lọ sí sẹ̀ǹtímítà 16 ní 100 mítà. Ìdí nìyí tí inú mi kì í dùn sí òòlù lọ́wọ́ ẹni tí ara rẹ̀ ń gbóná.

Inú kòtò kan tí wọ́n gé síbùú ni fọ́sáìtì Mosin jókòó sí; ìsàlẹ̀ kòtò náà fẹ̀ ju òkè rẹ̀ lọ, ó sì há gírígírí. Ẹ̀gbẹ́ nìkan ló ti ṣeé tì. Wá ilà tẹ́ẹ́rẹ́ kan níbẹ̀, tí wọ́n fi ṣísẹ́lì lù láti ara fọ́sáìtì dé ara ìdí rẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ ìbọn ló ń fi í sílẹ̀ lẹ́yìn síírò. Bí apá òkè àti apá ìsàlẹ̀ ilà náà kò bá tò mọ́, ẹnì kan ti tì í ṣáájú rẹ. Dá a padà síbẹ̀ ná, kí o yìn ín wò.

Irinṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù ni èyí tó ń fi ṣúkúrù tì í: á di ìdí fọ́sáìtì mú, ìwọ á máa yí ọwọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ra èyí tí wọ́n ṣe fún Mosin gan-an. Àwọn tí wọ́n ń tà pé ó bá gbogbo ìbọn mu, ẹnu wọn máa ń tẹ̀ bí wọ́n bá pàdé ìpata ọgọ́rin ọdún, owó á sì ti lọ.

Bí o kò bá ní i, òòlù kékeré àti pọ́ǹṣì idẹ ṣeé lò. Idẹ ni o, torí bí irin bá pàdé irin, fọ́sáìtì ni yóò gba ọgbẹ́. Alágbẹ̀dẹ kan níbí, tó ń tún ṣakabùlà àwọn ọdẹ ṣe, ló fi idẹ ẹ̀rọ omi àtijọ́ rọ tèmi. Ó rẹ́rìn-ín títí nígbà tí mo sọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Ṣakabùlà kò ní fọ́sáìtì, ọdẹ ló mọ bí òun ṣe ń gbé orí lé e.

Yọ ọta kúrò nínú ìbọn, yọ bóòtì rẹ̀, irin tó ń ti ọta wọ ọ̀pá, pẹ̀lú. Ta ọ́ìlì tó ń wọ ìpata sí kòtò náà lálẹ́, kí o fi í sílẹ̀ di àárọ̀. Fi awọ tàbí pátákó tẹ́ ẹnu fáìsì, irin orí tábìlì tó ń di nǹkan mú, kí o tó di ọ̀pá mú. Ìsàlẹ̀ fọ́sáìtì, níbi tó ti wọ kòtò, ni kí o gbá. Má kan òrùka tó yí ṣóńṣó ká, kíá ló máa ń tẹ̀. Gbá a bí ẹni ń fọ́ ẹ̀pà fún ọmọdé, fi kálípà wọ̀n ọ́n, tún gbá a.

Ti gíga ló kù. Fáìlì tí wọ́n ní kí o mú yẹn á ba ọ̀rọ̀ jẹ́ pátápátá. Bí o bá rẹ́ orí ṣóńṣó, ọta á tún ga sí i. Nínú ìṣirò kan náà, mílímítà 150 lọ́nà 622, pín in sí ọ̀nà 100,000, ohun tí o nílò ni kí ṣóńṣó ga sí i ní 0.93 mílímítà. Bọ́ rọ́bà kúrò lára wáyà iná tẹ́ẹ́rẹ́, èyí tó há mọ́ ṣóńṣó náà, kí o wọ̀ ọ́ lé e lórí, kó gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ọta á kọ́kọ́ gba ìsàlẹ̀. Máa fi bíléèdì gé rọ́bà náà díẹ̀díẹ̀, ọta á máa gòkè títí á fi kan àmì. Àwọn kan ń fi rọ́bà náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi máa ń wọn gíga rẹ̀, kí n ra ṣóńṣó tó ga tó bẹ́ẹ̀.

Ìbọn mìíràn kò rí báyìí. Bléèdì fọ́sáìtì Lee-Enfield No. 4 ní nọ́ńbà lára, íńṣì 0.015 ló wà láàárín ọ̀kan sí èkejì, ìyẹn sì tó nǹkan bí íńṣì méjì ní 100 yáàdì. O kàn máa pààrọ̀ rẹ̀ ni. Lórí FN, yíyí ni wọ́n ń yí ṣóńṣó iwájú fún gíga: yí i wọlé, ọta á gòkè. Báàkì-sáìtì ló ń bójú tó òsì àti ọ̀tún, pẹ̀lú ṣúkúrù méjì tó kọjú síra wọn. Tú ọ̀kan kí o tó di èkejì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wàá bẹ́ orí ṣúkúrù.

Bí ọta àtijọ́ tàwọn Rọ́ṣíà ni o ń yìn, da omi gbígbóná gba inú ọ̀pá kọjá lọ́jọ́ náà gan-an, kí o nù ún gbẹ, kí o fi ọ́ìlì pa á. Iyọ̀ tó ń jáde láti inú práímà rẹ̀, ìyẹn ohun kékeré tó wà nídìí ọta tó ń dáná, ń jẹ irin, ọ́ìlì nìkan kò sì lè fọ̀ ọ́ kúrò. Bí o bá pààrọ̀ ọta sí èyí tó wúwo tàbí tó fúyẹ́ jù ú lọ, yìn ín sára ìwé kí o tó fọwọ́ kan fọ́sáìtì. Ya fọ́tò ẹnu ọ̀pá àti ilà ṣísẹ́lì yẹn fún mi kí o tó bẹ̀rẹ̀.