Ooru nìkan kọ́ ló ń ba developer jẹ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń fọ fíìmù dúdú àti funfun fúnra mi nílé ní Surulere. Mo po D-76 (developer Kodak, kẹ́míkà tó ń mú àwòrán jáde lára fíìmù) gálọ́ọ̀nù kan sínú kẹ́ẹ̀gì, mo ń bù ú lò díẹ̀díẹ̀, kò pẹ́ tó fi pọ́n bíi tíì, fíìmù tí mo fi fọ̀ wá rí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ṣé ooru Èkó ni? Ṣé kí n máa gbé e sí fíríìjì ni?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, o ṣeun tó o kọ̀wé. Èyí tó pọ́n yẹn, dà á nù, má fi fíìmù oníbàárà kankan dán an wò mọ́. Ooru wà ńbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ afẹ́fẹ́ ló ṣe èyí tó pọ̀ jù, torí gbogbo ìgbà tó o bá bù nínú kẹ́ẹ̀gì yẹn, afẹ́fẹ́ ló ń gba àyè tó ṣófo, á wá máa ba metol àti hydroquinone tó ń ṣiṣẹ́ gan-an jẹ́, sodium sulphite tí wọ́n fi síbẹ̀ láti dáàbò bò wọ́n á gbìyànjú gbìyànjú títí á fi tán. Kodak fúnra wọn sọ pé D-76 tí ìgò ẹ̀ kún dẹ́nu máa lo oṣù 6, tó bá dé ìdajì, oṣù 2 péré. Ìyẹn gan-an ló ṣẹlẹ̀ sí ẹ.

Nítorí náà, lọ́jọ́ tó o bá pò ó, pín in sínú àwọn ìgò kéékèèké tó jẹ́ ìwọ̀n fíìmù kan kan, kí wọ́n kún dẹ́nu, kó o dé e pinpin. Ìgò oògùn aláwọ̀ búráùn tó ní ọmọrí lílọ́ ló dáa jù lójú tèmi. Ìgò mínírà náà ṣeé lò, wàá kàn fún un títí omi á fi dé ẹnu kó o tó dé e, àmọ́ jọ̀ọ́, já pépà ara ẹ̀ kúrò, kọ orúkọ kẹ́míkà àti déètì sí i gàdàgbà, torí ọmọdé ò mọ̀ pé kì í ṣe kóòkì. Ìdí tí mi ò fi fẹ́ fíríìjì oúnjẹ nìyẹn, yàtọ̀ sí pé òtútù lè jẹ́ kó dì sísàlẹ̀. Ilẹ̀ yàrá tó tutù jù nínú ilé ti tó, kó ṣáà má sún mọ́ jẹnẹrétọ̀.

Tó ò bá fọ̀ púpọ̀, ra páálí lítà kan, má ra ti gálọ́ọ̀nù. Má sì pín páúdà sí méjì o, ohun tó wà nínú ẹ̀ kì í pọ̀ mọ́ra dọ́gba.

Fixer, kẹ́míkà tá a fi ń mú àwòrán dúró lẹ́yìn developer, ní tiẹ̀, tí nǹkan funfun tàbí yẹ́lò bá ti ń sílẹ̀ sísàlẹ̀ ẹ̀, ó ti bàjẹ́ nìyẹn.

Má gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀ nìkan ṣá, XTOL, developer mìíràn, lè kú láìpọ́n rárá. Gé orí fíìmù díẹ̀, jù ú sínú developer lójú ìmọ́lẹ̀, tó bá dúdú kirikiri láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, máa fọ̀ lọ.