Mo fi ẹgbẹ́ òṣèlú sílẹ̀, mi ò sì wá òmíràn

Àbúrò wa láti Ifẹ̀, o béèrè bóyá ìbínú ẹni tí wọn ò fún ní nǹkan ló ń mú èèyàn sọ pé òun ò fẹ́ ìjọba kankan lórí òun mọ́. Ní tèmi, rárá. Ẹgbẹ́ wa ló wọlé lọ́dún tí mo kúrò. Iléṣà níbí ni mo ti bá wọn ṣe é, èmi ni akọ̀wé wọ́ọ̀dù, mo mọ ilé tí ìbò wa wà àti ilé tí kò sí.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló yí mi lọ́kàn padà. Bàbá wa ní oko kòkó lọ́nà Ìpẹrindó, gbogbo yín sì mọ̀ pé wúrà wà lápá ibẹ̀. Nígbà tí àwọn awakùsà bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú, mo lọ ka òfin. Òfin ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ gómìnà. Ìwé òfin 1999 ní ti ìjọba àpapọ̀ ni ohun àlùmọ́ọ́nì yòówù tó bá wà nínú ilẹ̀, níbikíbi ní Nàìjíríà. Ẹni tí bàbá bàbá rẹ̀ ṣán igbó ibẹ̀, owó igi kòkó ni wọ́n máa bá a sọ, kì í ṣe ti wúrà.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá ẹni tí ẹgbẹ́ wa fà kalẹ̀ fún ipò. Ó fi sùúrù gbọ́ mi, èèyàn dáadáa ni. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, pé tí a bá ti wọlé, àwọn tiwa ni yóò máa bu ọwọ́ lu ìwé. Ìdáhùn yẹn ò jẹ́ kí n sùn. Ta ni yóò di ọ̀pá àṣẹ mú là ń jà lé lórí látọjọ́ yìí. Kò sẹ́ni tó béèrè pé ta ló fún ẹnikẹ́ni ní ọ̀pá lórí oko bàbá ẹlòmíràn.

Ìgbà yẹn ni mo wá àwọn tó ti ronú kan ọ̀rọ̀ náà. Murray Rothbard, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ará Amẹ́ríkà tó ní kí ìjọba má sí rárá, ló là á yé mi jù: ohun tó bá jẹ́ olè nígbà tí aládùúgbò rẹ ṣe é, olè náà ni tí ìjọba bá ṣe é. Òun náà bá wọn ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú Libertarian, tí àwọn tí kò fẹ́ kí ìjọba máa da èèyàn láàmú dá sílẹ̀ lọ́hùn-ún ní 1971, ó sì kúrò níbẹ̀ ní 1989.

Ṣùgbọ́n nílé ni mo ti kọ́kọ́ rí i pé èèyàn lè bára wọn ṣe nǹkan láìsí ìjọba níbẹ̀. Ṣé ẹ rántí àwọn òṣómàáló? Ìjẹ̀ṣà gbé aṣọ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n tà á láwìn fún ẹni tí wọn ò bá tan, wọ́n á sì lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó á fi jáde. Ọ̀rọ̀ ẹnu àti ìtìjú ló gbé òwò náà ró, kì í ṣe ọlọ́pàá.

Ìwọ ọmọ Ifẹ̀, bi àwọn àgbà yín léèrè nípa 1997. Ìjà Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ ti wà lórí ilẹ̀ àti ìṣákọ́lẹ̀ tipẹ́, mo mọ̀. Àmọ́ ibi tí sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà Oòrùn Ifẹ̀ yóò wà ló tún dá iná yẹn, ẹ̀mí sì ń bọ́ títí di 2000. Torí ilé tí owó Àbújá ń gbà kọjá ni aládùúgbò ṣe pa aládùúgbò.

O ní ta ni yóò ṣe títì. Ìbéèrè tó le nìyẹn. Ládùúgbò wa, àwa la dáwó ra tiransifọ́mà, àwa là ń sanwó ọlọ́dẹ, oníkálukú ló gbẹ́ kànga tirẹ̀. Títì ńlá ṣì ń fún mi ní ìrònú, ṣùgbọ́n mi ò ní torí rẹ̀ yọ̀ǹda oko ẹnikẹ́ni fún wọn.

Tí ìwọ náà bá fi ẹgbẹ́ òṣèlú sílẹ̀, ọ̀rọ̀ èèyàn ló máa dùn ọ́ jù. Wọ́n ní ẹgbẹ́ kejì ti rà mí. Àwọn tí a jọ ń jẹun ò wá síbi ìsìnkú ìyá mi. Tí o bá máa kúrò, ka owó àti rẹ́jísítà tó wà lọ́wọ́ rẹ fún wọn lójú ẹlẹ́rìí, kí wọ́n bu ọwọ́ lù ú. Má sì yọ ara rẹ nínú àjọ àti ẹgbẹ́ àdúgbò, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà.