Ta Ló Sọ Pé Ìjọba Yóò Gba Ilé Mọ́mì?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Màámi ti pé ẹni ọdún 76, àwọn nìkan ló sì ń gbé nínú ilé tí wọ́n rà ní Peckham, ní London. Owó ìfẹ̀yìntì wọn kò ju £148 lọ lọ́sẹ̀, wọ́n sì ní nǹkan bíi £6,000 ní báńkì. Lọ́dún 2024 wọn ò rí owó ìgbà òtútù gbà. Ní báyìí wọn kì í fẹ́ tan hítà. Kóòtù ni wọ́n ń wọ̀ jókòó nínú pálọ̀. Ṣé lóòótọ́ ni ìjọba ti dá owó náà padà? Ṣé ó tiẹ̀ yẹ kí wọ́n gbà á, nígbà tí wọ́n nílé lórí? Wọ́n ní àwọn ò lè máa bá ìjọba ṣagbe, àti pé ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì sọ pé ẹni tó bá gba Pension Credit, owó tí ìjọba fi ń kún owó àgbà tí owó tó ń wọlé fún un kéré, ìjọba ni yóò jogún ilé rẹ̀.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, kọ́kọ́ lọ tan hítà yẹn kí o tó ka ìyókù. Òtútù kì í ṣe ọ̀rọ̀ aṣọ lásán lára àgbà. Ó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ki, ó ń mú kó ru sókè, ó sì ń kó iṣẹ́ tó pọ̀ jù lé ọkàn lọ́wọ́. Àwọn elétò ìlera níbí ní kí yàrá tí àgbà ń jókòó sí má ṣe dín ní 18°C. Kóòtù kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn.

Owó tí o béèrè, ìyẹn Winter Fuel Payment, ti padà. Ọdún 1997 ni ìjọba Labour dá a sílẹ̀. Ní July 2024, Rachel Reeves tó jẹ́ mínísítà ètò ìnáwó ní kìkì àwọn tó ń gba Pension Credit àti irú ìrànwọ́ bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí i gbà. Àwọn tó ń gbà á já láti nǹkan bíi mílíọ̀nù 11 sí nǹkan bíi mílíọ̀nù kan àbọ̀. Ariwo ta, wọ́n sì yí i padà ní June 2025. Ní òtútù 2025 sí 2026, àgbà tó ń gbé ní England tàbí Wales, tí wọ́n bí ṣáájú 22 September 1959, ní ẹ̀tọ́ sí i: £200 fún ilé kan, £300 bí ẹni tó ti pé 80 bá wà níbẹ̀. Ẹni tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún bá ju £35,000 lọ, àwọn agbowó-orí yóò gbà á padà. Scotland ní ètò tiwọn. Mọ́mì kò ní kọ fọ́ọ̀mù kankan, báńkì ni yóò wọ̀ tààrà. Bí àtẹ̀jíṣẹ́ bá wọ fóònù wọn pé kí wọ́n tẹ ibì kan láti béèrè fún un, olè ló fi ránṣẹ́.

Ṣùgbọ́n £200 kọ́ ló bà mí nínú jẹ́ nínú lẹ́tà rẹ. Ofgem, àwọn tó ń ṣọ́ iye gáàsì àti iná, ṣírò pé, pẹ̀lú iye tí wọ́n fi lélẹ̀ fún October sí December 2025, ilé kan tó ń lo ìwọ̀n bó ṣe yẹ yóò ná nǹkan bíi £1,755 lọ́dún. Kí ni £200 fẹ́ ṣe nínú ìyẹn? Pension Credit ni ó yẹ kí Mọ́mì ti máa gbà. Ìjọba là á sílẹ̀ pé, láti April 2025 sí April 2026, owó tó ń wọlé fún àgbà tó dá wà kò gbọdọ̀ dín ní £227.10 lọ́sẹ̀, £346.60 fún tọkọtaya. Bí ti Mọ́mì bá jẹ́ £148 lóòótọ́, ó ku £79.10. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo wí o. Ó lé ní £4,000 lọ́dún. Wọn kò ní ka £6,000 tó wà ní báńkì rárá, torí kò tó £10,000. Ohun tó bá lé lórí £10,000 náà, £1 lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń kà fún £500 kọ̀ọ̀kan.

Àgbe ìjọba kọ́ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ àwọn màmá wa dàgbà kí wọ́n tó dé ìlú yìí, wọ́n tọ́ ọmọ, wọ́n gbálẹ̀ ọ́fíìsì ní ìdájí fún owó tí kò tó èyí tí wọ́n ń yọ National Insurance, owó tí a fi ń ní ẹ̀tọ́ sí owó ìfẹ̀yìntì, nínú rẹ̀. Ọdún tí wọ́n ní nínú ìwé kò pé, ìdí nìyẹn tí owó ìfẹ̀yìntì wọn fi kéré. Nítorí irú wọn ni òfin yìí ṣe wà.

Ọ̀rọ̀ ilé wàyí. Ó ti sú mi láti máa gbọ́ ọ, torí mo ti bá àwọn àgbà jókòó nínú ilé tó tutù bí yìnyín nítorí rẹ̀. Ilé tí ènìyàn ń gbé inú rẹ̀, ìjọba kì í kà á mọ́ ohun ìní rẹ̀ tí wọ́n bá ń ṣírò Pension Credit. Ì báà jẹ́ fúláàtì oníyàrá kan, ì báà jẹ́ ilé alájà mẹ́ta tí wọ́n lè tà ní £700,000. Owó náà kì í ṣe ẹ̀yáwó, kò sí ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ de ọjọ́ ikú.

Mo mọ ibi tí àhesọ yẹn ti sú yọ. Àwọn kan rí ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí àgbà kan kó lọ sí ilé ìtọ́jú pátápátá. Ní England, ẹni tí ohun ìní rẹ̀ bá ju £23,250 lọ ni yóò san owó ìtọ́jú yẹn fúnra rẹ̀, kánsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, sì lè ka ilé mọ́ ọn bí ọkọ tàbí aya rẹ̀ kò bá gbé inú rẹ̀ mọ́. Ti kánsù nìyẹn, kò kan Pension Credit. Àwọn mìíràn gbọ́ nípa ìrànwọ́ fún èlé mọ́gẹ́ẹ̀jì (owó tí ènìyàn yá láti ra ilé), tó di ẹ̀yáwó lórí ilé láti April 2018. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ nìkan ló ń gbà á, Mọ́mì sì lè sọ pé rárá.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù láàárín àwa Yorùbá ni ẹ̀kẹta. Bàbá kan kú, àwọn ọmọ gba lẹ́tà pé kí wọ́n dá owó padà. Ohun tí wọn kì í sọ fún ará ṣọ́ọ̀ṣì ni pé bàbá ní owó nípamọ́, tàbí ilé tó fi ń gba owó háyà ní Ìbàdàn, tí kò sọ fún ìjọba. Bí ẹni tó ń gba Pension Credit bá kú, ìjọba máa ń yẹ ogún rẹ̀ wò. Owó tí bàbá gbà kọjá ẹ̀tọ́ rẹ̀ nítorí ohun tó fi pamọ́ ni wọ́n ń béèrè, kì í ṣe ilé tó kú sí. Nítorí náà, bí Mọ́mì bá ní ilé mìíràn, ní Lewisham tàbí ní Ìjẹ̀bú, kí wọ́n sọ ọ́. Ó lè dín owó náà kù, ó sì lè gbà á lọ pátápátá. Ọ̀rọ̀ ilé ẹbí yàtọ̀, ó sì lọ́jú pọ̀. Ohun tí mo rí nínú lẹ́tà rẹ kò tó fún mi láti dáhùn rẹ̀. Ẹ lọ bá Age UK tàbí Citizens Advice, àwọn àjọ tó ń gbani nímọ̀ràn, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ má ṣe fún ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ láti bá yín kọ fọ́ọ̀mù.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mú òbí yín wá láti ilé, tí ẹ sì tọwọ́ bọ̀wé pé ẹ ó máa tọ́jú wọn: ìdáhùn yìí kì í ṣe tiyín. Ọdún márùn-ún gbọ́dọ̀ pé ná. Ẹ rí agbẹjọ́rò kí ẹ tó béèrè ohunkóhun.

Ní ti Mọ́mì, ẹ pe 0800 99 1234, kí wọ́n jókòó tì ọ́, kí nọ́ńbà National Insurance àti ìwé báńkì wọn wà nítòsí. Ẹ bèèrè ògbufọ̀ Yorùbá bí Gẹ̀ẹ́sì orí fóònù bá ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ẹ sọ pé kí wọ́n ṣírò rẹ̀ padà sẹ́yìn oṣù mẹ́ta, torí òfin gbà bẹ́ẹ̀. Bó bá ti jáde, ẹ lọ bá kánsù kí wọ́n bá yín dín owó orí ilé (Council Tax) kù. Torí pé wọ́n ti ju 75 lọ, ẹ béèrè láìsènsì TV ọ̀fẹ́ náà, £174.50 ni iye rẹ̀ láti April 2025 sí March 2026. Bí òtútù bá sì bọ́ sí òdo tàbí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fún ọjọ́ méje léra ní àdúgbò wọn, £25 mìíràn ń bọ̀.

Bí wọ́n bá sì ń múra láti lọ ṣe Kérésìmesì nílé, kí wọ́n má ṣe kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, àyàfi bó bá jẹ́ ọ̀ràn òkú tàbí ìtọ́jú àìsàn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin owó yẹn máa ń dúró. Ẹ pe nọ́ńbà yẹn kí wọ́n tó wọ bàálù.