Báwo ni mo ṣe lè nu eruku ọyẹ́ kúrò lára ọkọ̀ ìṣeré onírin ní Àbújá láì ha ọ̀dà rẹ̀?

Ẹ má fi aṣọ gbígbẹ nù ún. Búrọ́ọ̀ṣì ìkunjú tó rọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi gbọn eruku náà kúrò. Iyanrìn wínníwínní láti aṣálẹ̀ Sàhárà wà nínú eruku ọyẹ́, òun ló ń ha ọ̀dà tí aṣọ bá ń wọ́ ọ kiri. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òrùlé wá sísàlẹ̀. Ẹ̀yìn táyà ni eruku máa ń sá pamọ́ sí jù. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, ẹ fi òwú tí ẹ ti rẹ sínú omi ọṣẹ díẹ̀ nù ún, kí ẹ sì nu omi rẹ̀ gbẹ lójú ẹsẹ̀, torí irin tó so táyà pọ̀ lè dípẹtà. Asítóònù, omi tí wọ́n fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́, ń bó ọ̀dà, ẹ má dán an wò. Ọkọ̀ ìṣeré tó ṣì wà nínú páálí rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kan omi rárá.